Ọwọ́ fífọ̀ nílé ìwòsàn: Kí omi ṣáájú ìjìyà

Agodi, n'Ìbàdàn, ni sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, níbi tí àṣẹ ti ń jáde fún àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ náà. Kò jìnnà síbẹ̀ ni UCH wà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Ìbéèrè kan kan gbogbo wọn: ọ̀nà wo ló tọ́ láti mú dókítà àti nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó fi kan aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lọ́dún 1847, Ignaz Semmelweis, dókítà kan ní ìlú Vienna, rí i pé ọwọ́ àwọn dókítà tó ń ti yàrá òkú bọ̀ ló ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó pàṣẹ ọwọ́ fífọ̀, ikú sì dínkù. Síbẹ̀, ẹ̀sùn ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò gbà. Nígbà tí Ebola wọ Èkó lọ́dún 2014, òṣìṣẹ́ ìlera, títí kan Dókítà Ameyo Adadevoh, wà lára àwọn mẹ́jọ tó kú.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa fi kámẹ́rà ṣọ́ òṣìṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ẹ̀mí aláìsàn ju ìtìjú òṣìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ní kọ̀rọ̀, bí yóò ṣe máa fara pamọ́ ni yóò kọ́, kì í ṣe ìmọ́tótó. Àwọn mìíràn ní kí aláìsàn máa rán dókítà létí. Aláìsàn wo ló láyà láti bá ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí?

Lọ́dún 2024, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni iléeṣẹ́ tó ń pín iná já iná UCH nítorí gbèsè. Níbi tí iná kò sí, ẹ̀rọ kì í fa omi. Kò bá ẹ̀tọ́ mu kí wọ́n fìyà jẹ nọ́ọ̀sì tó dé ìdí ẹ̀rọ omi tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìlànà tí àjọ WHO gbé jáde lọ́dún 2009 fi hàn pé oògùn olómi ọlọ́tí, tí èèyàn fi pa ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi kò ti sí, bí ìdọ̀tí kò bá hàn lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn lè po ó fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kì í ṣe ipá, kì í sì í ṣe ẹ̀tàn.

Kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ pèsè èyí. Kí àyẹ̀wò wáyé ní gbangba, kó sì bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ọ̀gá, nítorí ohun tí ọ̀gá bá ṣe lọmọ iṣẹ́ ń wò. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá ṣì kọ̀ kò ní àwáwí mọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.