Ta Ni Ó Ní Kí A Má Fi Ijó Gba Oyè?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí ẹlòmíràn nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára kì í rọra sọ ọ́. Ó ti di àṣà láàrin àwa tí a wà nínú ọgbà Yunifásítì pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní ijó ni òun wá kọ́, ẹ̀rín ni a óò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Ẹni tí ó wá kọ́ òfin kì í rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wá kọ́ ìṣègùn kì í rí i. Àní ẹni tí ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ nípa kòkòrò tí ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ kì í rí i. Ọmọ tí ń kọ́ ijó nìkan ni a ń bi pé, "Ṣé nítorí èyí ni bàbá rẹ ṣe ta ilẹ̀?"

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn tí ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ni kò mọ ijó í jó? Wọ́n ní ọmọ tí kò tí ì rìn dáadáa, bí a bá pàtẹ́wọ́ fún un, yóò máa ju ìdí. Ohun tí a bí mọ́ni ni, wọ́n ní. Kí ni Yunifásítì tún fẹ́ kọ́ni níbẹ̀?

Ó yà mí lẹ́nu pé láàrin àwa tí a fẹ́ràn Yorùbá ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ń jáde. Ṣé a ti gbàgbé ni? Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sọ sí wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá gba oyè, àwọn kan kò yé bi wá pé ta ni kò gbọ́ Yorùbá, àti pé ṣé ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní Dùgbẹ̀ kò gbọ́ ọ ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ni. Láti ayébáyé ni ìjálá ti wà lẹ́nu àwọn ọdẹ, tí ọ̀pọ̀ alákọ̀wé sì kà á sí ariwo ìdí ẹmu, títí Adébóyè Babalọlá fi jókòó tì í, tí wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní Oxford ní ọdún 1966. Gbogbo wa ni a ń sọ èdè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó lè sọ ìdí tí ohùn fi ń lọ sókè tí ó sì ń lọ sílẹ̀. Gbogbo wa ni a ń jó. Mélòó nínú wa ni ó lè sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó bá dé Kétu tàbí àwọn ìlú Yewa ní àsìkò rẹ̀ yóò rí oníjó tí ó gbé ère igi sórí, tí ó fi aṣọ di àyà àti ìdí títí tí ó fi tóbi bí abiyamọ, tí ṣaworo irin sì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó ń jó fún. Onílù yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kà. Ẹ̀kà yìí, ọ̀rọ̀ ni. Òwe lè jẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ tẹ ìró ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìlù ti ń sọ ọ́, ibi tí ìlù bá sì ti dákẹ́ ni ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti dákẹ́. Bí ṣaworo bá dún ẹyọ kan péré lẹ́yìn ìlù, gbogbo ọjà ti gbọ́. Kò sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni lè ṣe.

Ìdánwò wo ni a ní nínú ọgbà tí ó le tó bẹ́ẹ̀? Nínú tiwa, ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ gígùn bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó sì yege. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò rí, mo mọ ohun tí mo ń wí. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ ńlá tí ọmọ aráyé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parun. Àwọn tí ó wà ní Paris gbọ́. Àwa tí ó wà ní ìtòsí ń rẹ́rìn-ín.

Kì í sì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan. Ẹni tí ó bá ń jó bàtá bí ẹni ń jó dùndún, àìmọ̀ rẹ̀ ni ó ń fi han. Dùndún a máa fà, a máa rọ̀, ara yóò sì máa bá a lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàtá a máa já, a máa gé. Èjìká ń fò, ẹsẹ̀ ń ta, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì fara pamọ́ débi pé ẹni tí a kò kọ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti bú òun. Ti ìgbìn tí a ń lù fún Ọbàtálá tún yàtọ̀: ẹsẹ̀ kì í kánjú níbẹ̀. Ta ni ó bí gbogbo èyí mọ́ ẹnikẹ́ni?

Àwọn ará ibòmíràn tí a máa ń fara wé nínú ohun gbogbo kò ṣiyèméjì bí tiwa. Ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ọdún 1926 ni wọ́n ti gbà kí a máa fi ijó gba oyè. Margaret H'Doubler tí ó ṣe é kì í tilẹ̀ í ṣe oníjó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni ó kà, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn obìnrin. A máa gbé egungun ènìyàn wọ kíláàsì kí àwọn ọmọ lè rí bí oríkèé ti ń ṣiṣẹ́. Ní Salvador ti Bahia, ọdún 1956 ni Yunifásítì wọn dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Brazil. Obìnrin ará Poland, Yanka Rudzka, ni ó sì fi ṣe olórí, nínú ìlú tí àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ti ń jó fún Ọ̀ṣun àti Ṣàngó láti ìgbà pípẹ́. Ní Legon ní Gánà, ọdún 1962 ni ilé-ẹ̀kọ́ orin, ijó àti eré bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Nketia, tí Mawere Opoku sì ń darí ijó. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun àná.

Ní ti pé iṣẹ́ wo ni wọn yóò fi ṣe, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tí ó ka ìwé mìíràn pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó le díẹ̀, n kò sì ní fo o. Wọ́n ní Dúró Ládiípọ̀ kò gba oyè ijó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ Ọba Kò So dé Berlin ní ọdún 1964. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni Ládiípọ̀ wà. Àwọn onílù bàtá àti àwọn ẹlẹ́gùn wà ní àyíká rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ní ẹni tí yóò bi. Agbo ilé wọ̀nyẹn ni Yunifásítì rẹ̀. Lónìí, ọmọ Àyàn ń lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, n kò sì bá a wí. Bàbá rẹ̀ ń darúgbó pẹ̀lú ìlù lórí ìṣó. Ẹni tí yóò ṣe irú eré Ládiípọ̀ ní ogún ọdún sí i, ta ni yóò bi? Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí ń rẹ́rìn-ín nìkan ni mo fẹ́ bá jà. Àwa tí a ń gbè sẹ́yìn ijó náà ni a ń fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń kọ́ ijó ní Nàìjíríà, abẹ́ ẹ̀ka eré orí ìtàgé ni a há a mọ́ bí ọmọ àgbàtọ́. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, a ó rántí pé a ní oníjó. Bí àlejò bá lọ, ó parí. Mo sì mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí ọmọ ti lè kọ ogójì ojú ìwé lórí bàtá tí kò sì lè jó o títí ìlù yóò fi yí ohùn padà. Bàbá tí ó lè kọ́ ọ wà ní ìta géètì. Kò ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà a kò lè gbà á sí iṣẹ́. A kàn ń pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ó wá lù, a óò fún un ní owó ọkọ̀, a óò ní kí ó máa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ yóò di Ọ̀mọ̀wé.

Àwọn kan ní bí a bá kọ ijó sí ìwé a ti pa á. N kò gbà. Rudolf Laban tẹ ọ̀nà tí òun fi ń kọ ijó jáde ní ọdún 1928, àwọn Benesh sì tẹ tiwọn ní 1956. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ wọ́n. Àléébù ibẹ̀, bí mo ti rí i, ni pé apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n wà fún. Kòkòrò tí ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, abẹ́ ilẹ̀ ni onílù rẹ̀ wà. Bí a bá kọ ẹsẹ̀ oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ tí a kò kọ ẹ̀kà, ìdajì ni a kọ. Ọmọ́fọlábọ̀ Àjàyí ti fi ìwé rẹ̀ ti ọdún 1998 hàn wá pé ìdúró ara lásán nínú ijó Yorùbá ní ìtumọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ìlù yóò fi wà ní ìlà kan, tí ẹsẹ̀ yóò sì wà ní ìlà kejì, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á kí ó sì jó o. Iṣẹ́ oyè ni èyí, ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Àwọn àgbà kan sì ń bẹ̀rù pé ohun inú igbó yóò di ohun inú kíláàsì. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ijó tí a kì í jó lójú ọ̀gbẹ̀rì, kí ó wà níbi tí ó wà. Èyí tí a ń jó lọ́jà, lójú ọmọdé àti àgbà, pọ̀ ju èyí tí a lè kọ́ tán ní ọdún mẹ́rin.

Ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Kí ẹnikẹ́ni má gba oyè ijó láìjẹ́ pé ó jó níwájú onílù tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí onílù náà àti àgbà oníjó kan jókòó láàrin àwọn tí ń ṣe ìdánwò, kí máàkì tiwọn sì wọlé bí ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí a gbà wọ́n sí iṣẹ́ bí olùkọ́, kí a sì san owó oṣù fún wọn. Bí òfin ọgbà kò bá gbà á, òfin ni kí a tún ṣe. Ènìyàn ni ó kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Àyè wà nínú ìwé wa yìí.