Ọpẹ́ Ikú Òkèèrè: Ta Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Dárúkọ?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, bàálù Ethiopian Airlines kan gbéra ní Addis Ababa, ó ń lọ sí Nairobi. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú òfurufú tó fi já lulẹ̀ nítòsí ìlú Bishoftu. Ènìyàn 157 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè. Ọmọ Yorùbá méjì tí ayé mọ̀ bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú nílẹ̀ Yàgbà, kàwé ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti ní Vancouver, ó sì ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Carleton ní Ottawa. Ambasadọ̀ Abiodun Bashua sin Nàìjíríà, ó tún sin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, títí dé ibi iṣẹ́ àlàáfíà ní Darfur. Ibi tí ikú ti bá àwọn méjèèjì, wọn kò bí wọn síbẹ̀, wọn kò kọ́lé síbẹ̀, wọn kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀. Arìnrìn-àjò tó bá kú sọ́nà jínjìn, ọwọ́ ẹni tí kò bá a tan ni òkú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bọ́ sí.

Àwọn tí kò bá wọn tan náà sì ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ìyá ṣe. Àwọn àgbẹ̀ àti ará abúlé tó wà lágbègbè náà wá síbi tí bàálù já sí, wọ́n sunkún, wọ́n ṣọ̀fọ̀ bí àṣà ìlú wọn ṣe là á sílẹ̀, fún àwọn tí wọn kò rí rí. Ìjàǹbá náà le débi pé ọ̀pọ̀ ìdílé kò rí òkú gbà nígbà tí wọ́n débẹ̀. Erùpẹ̀ ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n bù fún wọn kí wọ́n lè rí nǹkan sin, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí àyẹ̀wò tó fi hàn ẹni tó ni ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mò ń sọ lónìí dá lórí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹni wa bá kú sílẹ̀ òkèèrè, àwọn tó dúró bí ẹbí níbi tí ẹbí kò lè dé ló yẹ kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí a sì dárúkọ wọn.

Àṣà wa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọmọ Yorùbá bá kú sójú ogun tàbí sí ìdálẹ̀ tí kò ṣeé gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gé wá fún àwọn ará ilé, òun ni wọ́n sì ń sin bí ẹni sin òkú rẹ̀. Irun kì í gé ara rẹ̀. Ẹnì kan ló dúró ti òkú nígbà tí àwọn yòókù ń sá fún ẹ̀mí ara wọn, ẹnì kan ló di ẹrù kékeré náà mọ́ra, tó sì rù ú gba ọ̀nà tó léwu wálé. Láìsí ẹni náà, ìdílé kò ní rí ibi tí wọn yóò tọ́ka sí bí wọ́n bá fẹ́ ké pe baba wọn.

Lónìí, iṣẹ́ náà ti pọ̀ ju irun gígé lọ. Bí bàbá kan bá kú ní London tàbí ní Houston, aládùúgbò lè jẹ́ ẹni tó pe ọkọ̀ pàjáwìrì, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà sì lè jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ni yóò wẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò kírun sí i lára, tí wọn yóò sì tètè sin ín. Bó bá jẹ́ pé ilé ni a ó gbé e wá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé pé wọ́n ti fi oògùn sí òkú lára, kó lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba, kó sì bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a dá owó jọ, àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè a wá bá opó jókòó. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé ìdúpẹ́ tí a ń gbé jáde lẹ́yìn ìsìnkú, kábíyèsí ló ń ṣíwájú, gómìnà a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sẹ́nétọ̀, bíṣọ́ọ̀bù àti olórin tó ṣeré. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an a wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ “gbogbo ẹ̀yin tí a kò lè dárúkọ.” Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún oore tí aládùúgbò ṣe kò tíì dúpẹ́.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run nìkan ni ọpẹ́ yẹ. N kò bá wọn jiyàn pé tirẹ̀ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó jókòó ti aláìsàn náà ni Ọlọ́run rán, ìgbàgbọ́ wa kò sì fìgbà kan sọ pé kí a gba iṣẹ́ kí a má kí ìránṣẹ́.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n á ní nígbà tó jẹ́ pé àìbìkítà ènìyàn ló pa ẹni wa, ọpẹ́ kí la tún ń dú, ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ bàálù yìí. Boeing 737 MAX ni. Irú rẹ̀ kan tó jẹ́ ti Lion Air ti kọ́kọ́ já sínú òkun ní Indonesia ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ènìyàn 189 sì kú. Nínú ìjàǹbá méjèèjì, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS gba ìsọfúnni òdì, ó sì ń ti imú bàálù sísàlẹ̀. Àwọn ìdílé kò dákẹ́. Wọ́n gbé àwòrán àwọn ènìyàn wọn lọ síwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, òfin tuntun lórí àyẹ̀wò bàálù sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Boeing gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, mílíọ̀nù 500 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àwọn ènìyàn 346 tó kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n tún gba ilé ẹjọ́ lọ. Ta ló wá lè sọ pé ẹni tó bá kí àgbẹ̀ tó sunkún nítòsí Bishoftu ti dárí ji ilé-iṣẹ́ tó ṣe bàálù? Olóore ní tirẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdílé tó mọ ẹni tó ṣe é lóore ni yóò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdájọ́.

A sì mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ń mú ojú ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí opó jókòó kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọpẹ́ kì í bàjẹ́ bó bá pẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìdílé yan ẹnì kan tí yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ìròyìn ikú bá dé: nọ́ọ̀sì, aládùúgbò, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tó sáré ìwé, ẹni tó wẹ òkú. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́ náà nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó dáwó fún wọn, kó lè wà nílẹ̀ de ìdílé mìíràn. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ọjọ́ fìdáù, kí wọ́n ka orúkọ wọ̀nyí sókè kí wọ́n tó ka ti àwọn olóyè. Kábíyèsí kò ní bínú, gómìnà kò sì ní dín kù. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà, àwọn ọmọ wa tó wà lójú ọ̀nà kárí ayé sì ń fẹ́ òmíràn náà.