Kì í Ṣe Aláìsàn Ló Yẹ Kó Wá Ẹ̀rí

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹjọ́ yẹn rọrùn láti dá, nítorí ọjọ́ kan péré ló wà láàárín igbe àti ikú. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí ìtànṣán ń fà kì í yára bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá kí ikọ́ tó dá ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ gúnlẹ̀. Abẹ́ ọdún gbọọrọ yẹn ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń sá sí. Wọ́n á ní kí aláìsàn lọ mú ẹ̀rí wá pé iṣẹ́ ló fà á, pé kì í ṣe sìgá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìbéèrè yìí kò tọ́, nítorí pé ọwọ́ àwọn tó ń béèrè ẹ̀rí gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wo ohun tó dé bá àwọn Navajo, ọmọ onílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn wà ní Arizona, New Mexico àti Utah. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ń wá yùréníọ̀mù fún bọ́ǹbù átọ́míìkì lójú méjèèjì, òun nìkan ló sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń wà á. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Navajo wọṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fi dáńmáìtì fọ́ àpáta tán, eruku kò tíì rọlẹ̀ tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n wọlé lọ kó o. Omi tó ń kán lára ògiri ihò ni òmíràn ń mu bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Aṣọ eruku yẹn náà ni wọ́n ń wọ̀ relé, tí ìyàwó ń fọ̀.

Inú eruku ni wàhálà wà. Yùréníọ̀mù inú àpáta máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di rádíọ̀mù, rádíọ̀mù a sì máa tú rádọ̀n jáde, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ènìyàn lè mí rádọ̀n sínú kó sì mí i jáde. Àwọn ohun tí rádọ̀n ń dà, bíi polóníọ̀mù, ni kì í jáde: wọ́n á lẹ̀ mọ́ eruku, wọ́n á bá a wọlé, wọ́n á sì jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìtànṣán tí wọ́n ń tú jáde kò lágbára tó láti la bébà kọjá. Awọ ara lásán ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò sí irú awọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọnú ihò ni ọ̀nà àbáyọ, kò sì sẹ́ni tó lè ní òun kò gbọ́ nípa ewu náà. Láti 1879 ni àwọn oníṣègùn Härting àti Hesse ti kọ̀wé nípa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń pa àwọn awakùsà Schneeberg ní Jámánì. Ní 1950, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn awakùsà yùréníọ̀mù wò, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún wọn. Duncan Holaday, tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ihò fún àjọ yìí, kìlọ̀ títí. Ó di 1967 kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òdiwọ̀n tó múná lélẹ̀.

Nígbà tí àwọn opó awakùsà gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, Stewart Udall, tó ti ṣe mínísítà rí, ló ṣe lọ́yà fún wọn. Wọ́n pàdánù: ilé ẹjọ́ ní òfin dáàbò bo ìjọba. Ní 1990 ni ilé aṣòfin tó ṣòfin tó tọrọ àforíjì, tó sì ya dọ́là 100,000 sọ́tọ̀ fún awakùsà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Àmọ́ ẹni tí kò mu sìgá gbọ́dọ̀ fi hàn pé rádọ̀n tí òun fà símú tó 200 lórí òṣùwọ̀n wọn. Ẹni tó mu sìgá, 300 tàbí 500. Ta ló wọn rádọ̀n yẹn? Ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ni, nínú àwọn ihò kan, ní àwọn ọjọ́ kan. Ìyókù, wọ́n fojú bù ú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n tún ní kí opó tó ṣègbéyàwó nílànà ìbílẹ̀ Navajo mú ìwé ìgbéyàwó wá!

Ọ̀rọ̀ sìgá yẹn pàápàá kò dúró re. Àwọn Navajo kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá. Nínú ìwádìí tí Jonathan Samet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1984, ọkùnrin Navajo 32 ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín 1969 sí 1982; 23 nínú wọn ló ti wa yùréníọ̀mù rí. Nínú àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé, kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹyọ ẹnìkan ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń mu sìgá ńkọ́? Sìgá àti rádọ̀n jọ ń ṣiṣẹ́ ibi ni, ìpalára méjèèjì pa pọ̀ sì ju àròpọ̀ tọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn lọ. Òun gan-an ni afẹ́fẹ́ tútù tọ́ sí jù.

Àwọn kan á ní bí a kò bá béèrè ẹ̀rí, gbogbo ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ni yóò wá gbowó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: kò sí àyẹ̀wò tó lè tọ́ka sí kókó kan nínú ẹ̀dọ̀fóró pé ìtànṣán ló dá a. Ìwádìí INWORKS, tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ núkílíà 309,932 ní Faransé, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ìtànṣán ṣe ń pọ̀ ni ikú jẹjẹrẹ ń pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ẹni tí ìtànṣán pa. Bìrìtìkó ti rí ọgbọ́n dá sí i láti 1982. Nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ núkílíà àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ ṣe níbẹ̀, bó bá ti ṣeé ṣe dé ìdá 20 nínú 100 pé iṣẹ́ ló fa àrùn, aláìsàn á gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó gbà-máà-bínú. Bó bá dé 50, á gbà á pé. Iyèméjì di ohun tí wọ́n jọ ń pín. Amẹ́ríkà náà sọ òṣùwọ̀n awakùsà kalẹ̀ sí 40 ní 2000, lẹ́yìn náà ló gbà pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ti tó. Kò sẹ́ni tí yóò fi òṣùwọ̀n wá awakùsà kiri mọ́.

Síbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ti 1990 yẹn kú ní oṣù kẹfà 2024. Wọ́n jí i ní oṣù keje 2025, wọ́n sì fi àwọn tó ṣiṣẹ́ títí di òpin 1990 kún un, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2027 ṣe gbèdéke ìwé ìbéèrè. Àrùn tí kì í tètè yọjú ni wọ́n dá ọjọ́ fún yìí. Ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní 2028 ṣiṣẹ́ nínú ihò kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbowó. Kí ilé aṣòfin yọ gbèdéke yẹn kúrò.