Ẹ Yan Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere, iye tí wọ́n ń tà á ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Á wo àwọ̀ rẹ̀, á fọwọ́ tẹ táyà, á ka iye jíà tó wà lára rẹ̀. Ibi tó máa gùn ún lọ kì í sí lára ìbéèrè. Ní Lokoja, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí ìlú yìí ní ọ̀nà tó lè mú kí èèyàn fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ títí di ọjọ́ ogbó, ó sì ní èyí tó lè gbẹ̀mí èèyàn kó tó ṣẹ́jú. Àwọn méjèèjì kò jìnnà síra wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kpata. Àdúgbò àtijọ́ ni, etí Odò Ọya ló wà, ọjà ẹja rẹ̀ sì lórúkọ. Etí omi máa ń tẹ́jú, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà èwe fi lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹ bá jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, atẹ́gùn odò ṣì tutù, omi wà lápá kan, Òkè Patti wà lápá kejì. Tí ẹ bá ti dé ẹnu ọjà, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Àwọn ìyá tó ń to ẹja sórí àtẹ kò ní ibòmíràn tí wọ́n máa kó o sí, ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù wọn. "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa" kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá nínú wọn, ẹ kí i ní Haúsá, "sannu", yóò dá yín lóhùn. Lokoja kì í ṣe ìlú elédè kan.

Láti Kpata, ẹ lè fi ìrìn àárọ̀ kan ṣoṣo rí ohun tí àwọn mìíràn ń ti Àbújá wá wò. Iléèwé Holy Trinity wà níbẹ̀, tí ìjọ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Àwọn òpó irin méjì wà tí wọ́n ń pè ní Iron of Liberty, tí wọ́n fi sàmì ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ibà ló pa wọ́n. Lokoja yìí náà ni Lugard ti kéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900. Ìgbèkùn ìlú yìí náà ni Aliyu, ọba Kano tí Gẹ̀ẹ́sì mú ní 1903, kú sí ní 1926. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń sáré kọjá gbogbo rẹ̀ ni, á sì ti rẹ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kó tó rí ìdajì. Kẹ̀kẹ́ ló ṣe wẹ́kú fún un. (Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò, pé orí Òkè Patti ni Flora Shaw, tó wá di ìyàwó Lugard, dúró sí tó fi sọ ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà, ó dùn létí, àmọ́ orúkọ náà ti jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ti London ní oṣù kìíní 1897, nígbà tí obìnrin náà kò tíì fẹ́ Lugard.)

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: kẹ̀kẹ́ ológeere ti di ti ẹni tí kò rówó ra alùpùpù. Ẹ bi àwọn bàbá wa àgbà léèrè. Láyé Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́, akọ̀wé kóòtù àti katikíìsì ló ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì fún un, ọmọdé sì ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Lónìí, ní Burkina Faso tó wà nítòsí wa, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Tour du Faso ti ń wáyé láti 1987, èrò á sì tò sí etí títì láti wò ó. Ní Yúróòpù, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà, EuroVelo 6, tó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun Atlantic ní ilẹ̀ Faransé, tó gba etí odò Loire, tó sì bá odò Danube lọ títí dé Òkun Dúdú. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ń jẹun lára àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá.  Àwa náà ní odò méjì tó pàdé níwájú ilé wa.

Ọ̀nà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yẹra fún ni títì márosẹ̀: ti Àbújá, ti Okene, àti èyí tó gba Obajana lọ sí Kabba. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀dà rẹ̀ gùn, kẹ̀kẹ́ á sì máa fò lórí rẹ̀. Àmọ́ Lokoja ni ẹnu ọ̀nà láàárín gúúsù àti àríwá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ epo àti tírélà tó ń lọ sókè ibí ló ń gbà, àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Obajana sì tún kún un. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án 2020, ọkọ̀ epo kan tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ já lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Felele, nítòsí Kogi State Polytechnic, ó sì gbiná. Ó lé ní 20 èèyàn tó kú, ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, irin bò wọ́n yíká. Kí ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ fẹ́ fi dí i? Ìròyìn ìjínigbé tí à ń gbọ́ lójú àwọn ọ̀nà yìí kan náà tún wà níbẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba márosẹ̀ fún ibi kúkúrú kan kí ẹ tó wọ àdúgbò, ẹ ṣe é lójú mọ́mọ́, kí ẹ má dá nìkan lọ, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀. Ẹni tó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí méjèèjì ti ta etí rẹ̀ fún tírélà.

Ohun kan tún wà tí mo ń rí tó ń kọ mí lóminú. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, òfin yẹn sì kan kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gun kẹ̀kẹ́ kojú ọkọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí ohun tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ìyẹn wà fún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí, tó bá kẹ̀kẹ́ tó ń sáré 15 níwájú rẹ̀, 45 ni yóò fi máa sún mọ́ ọn, awakọ̀ á ráyè yà fún un. Bí wọ́n bá kọjú síra, ó di 75. Ẹ gba apá ọ̀tún yín, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn, ẹ fi iná pupa sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ dáadáa, ẹ sì dé akoto. Akoto ò dí yín lọ́wọ́ ohunkóhun àfi fọ́tò.

Òkè Patti ni adùn gbogbo rẹ̀. Ó ga tó nǹkan bí 450 mítà sí ojú òkun, ọ̀nà ọ̀dà sì gun orí rẹ̀ lọ. Láti òkè, ẹ ó rí ibi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, àwọ̀ omi wọn yàtọ̀ síra fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan. Kò sóhun ìtìjú nínú kí èèyàn sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè náà. Àtisọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, kí ẹ tì í síwájú: ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ tẹ ti ẹ̀yìn, ẹ tún tì í: táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa wọ́, kò gbọ́dọ̀ yí. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà bíréèkì fúnra rẹ̀. Àwọn ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là sí i lára, bí wọ́n bá ti parẹ́, rọ́bà náà ti jẹ tán nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iye tí ẹ máa ná sí i kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó eegun ṣíṣẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má fọwọ́ tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ láìtú u. Rímù á gbóná, rọ́bà ò ní mú un mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dúró ní ìdajì ọ̀nà kí irin náà tutù. Ẹni tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò bá gbà dáadáa, kó rọra fi ẹsẹ̀ rìn wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru kò gùn: Lokoja ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ó lè sún mọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ padà sílé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí ẹ sì mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Apá Ganaja ni ọ̀nà etí odò ti dùn jù lẹ́ẹ̀rùn, òun náà ló sì burú jù ní ìgbà ìkún omi. Ní 2012, omi ya bo àwọn àdúgbò etí odò. Ní 2022 ó tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn kọjá ojú títì Ganaja, ọ̀nà Àbújá pàápàá dí ní Koton Karfe. Òjò Lokoja nìkan kọ́ ló ń fà á. Omi tó ń ti òkè Odò Ọya bọ̀ àti èyí tó ń gba Benue wá láti Cameroon, níbi tí ìdídò Lagdo wà, iwájú wa ni wọ́n ti ń pàdé, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló sì máa ń le jù. Àjọ NIHSA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò ní Nàìjíríà, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún, rédíò sì máa ń kà á. Bí omi bá ti bo títì, kódà bí kò bá ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ẹ yí padà. Ẹ kò lè rí gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kò sì mọ ibi tí omi ti gbẹ́ ọ̀dà lábẹ́.

Àwọn kan máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sọdá sí Shintaku ní òdìkejì odò. Ìrìn tó dára ni. Àmọ́ ní ìparí oṣù kọkànlá 2024, ọkọ̀ ojú omi kan tó gbé àwọn ọlọ́jà láti Kogi lọ sí ọjà Katcha ní Ìpínlẹ̀ Niger dojú dé lórí Odò Ọya yìí, òkú tí wọ́n yọ lé ní 50. Ẹ wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò ojú omi kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró de èyí tó kàn, kódà bí ọlọ́kọ̀ bá ń búra pé òun ti ń gbé jù báyìí lọ.

Iṣẹ́ kù fún àwọn tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí pẹ̀lú. Ìbòrí gọ́tà tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Kpata, ọmọ iléèwé tó ń fẹsẹ̀ rìn náà lè kó sínú rẹ̀, ìyá tó ru ẹja náà lè kó sínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, tí odò bá ti fà sẹ́yìn, kí àwọn olórí àdúgbò, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ tó ní kẹ̀kẹ́ jọ fẹsẹ̀ rin etí omi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹnì kan mú bírò dání, kó máa kọ ọ́: ibi báyìí, gọ́tà là sílẹ̀, ibi báyìí, ọ̀dà ti sán, ibi báyìí, kò síná lálẹ́. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, kí wọ́n sì mú un lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọn kí ìjọba ìbílẹ̀ Lokoja tó parí ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.