Ìgbà Wo Ni Mo Rí Yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ọkọ ṣe ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ni ìyàwó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé: "Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò. Ẹ má gbàgbé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ." Nígbà tí kò sí ìjà, a rò pé àlàáfíà wà.

Tọkọtaya kan nínú ìjọ gbà mí láyè kí n sọ tiwọn. Owó tí wọn ìbá fi ra aṣọ ẹbí ni wọ́n fi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì. Wọ́n kọjá Ọ̀jọ́ àti Àjídò, wọ́n rí àwọn apẹja àti igi àgbọn létí omi. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

Ní Àgbádárìgì, wọ́n wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Ìlú yìí ni Àjàyí Crowther àti Susan aya rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní ọdún náà. Àwọn méjèèjì ni a ti kó lẹ́rú rí, kí a tó gbà wọ́n sílẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dán mọ́rán. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jùmọ̀ dúró, wọn kò débẹ̀ títí di 1846.

Lábẹ́ igi àgbọn ni ìyàwó ti bú sẹ́kún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iléeṣẹ́ ti dá a dúró; àràárọ̀ ló ṣì ń múra jáde.

Ọkọ bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ìgbà wo ni mo rí yín?"

Ọkọ kò lè fèsì. Kí wọ́n tó padà, wọ́n ti jọ ṣírò owó tó wà nílẹ̀, wọ́n sì ti gbàdúrà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ má wọ ọkọ̀ tó kún àkúnjù, ẹ má sì rin omi lóru. Bí owó kò bá sí, iwájú ilé yín náà tó. Jésù pàápàá mú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wọ ọkọ̀ lọ sinmi níbi tí èrò kò sí (Máàkù 6). Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ wà pọ̀. Kí ọkọ béèrè, kí ó sì dákẹ́ gbọ́.