Orin Wa Kì Í Ṣe Ìpanu

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa. Nígbà tí ilé-ìwé bá ń ṣe àjọyọ̀ òpin ọdún, àwa òbí a máa jókòó láti gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọ wa. Wọn a dúró ṣinṣin, wọn a kọ orin òyìnbó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò ní rẹ́rìn-ín. Ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì bá ti ń wo aago, olùkọ́ a ní kí wọ́n kọ orin ìbílẹ̀ kan. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí jùdí, tí àwọn òbí a sì pàtẹ́wọ́, ó parí. Ẹ wo ìwé ètò tí wọ́n pín fún wa. Lábẹ́ orin Handel, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọdún tí a bí i àti ọdún tí ó kú. Lábẹ́ orin tiwa, ọ̀rọ̀ méjì péré ni: "Orin ìbílẹ̀." Ìbílẹ̀ ibo? Àwọn wo ni ó ni ín? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orin wa ni wọ́n sọ di ọmọ tí kò ní ilé.

A ń wí i gbangba pé ìpanu ni wọ́n sọ orin wa dà, ohun tí à ń jù sẹ́nu lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Ọmọ tí ó bá rí èyí fún ọdún mẹ́fà ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé kankan, pé orin ìyá òun kò yẹ ní ohun tí ènìyàn ń dúró ṣinṣin kọ.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a túmọ̀ orin ìsìn òyìnbó sí èdè Yorùbá, a sì ń fi ohùn òyìnbó kọ ọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ pé igbá tí a fi ń bu omi kì í ṣe igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà òjò kì í ṣe igba iṣu. Ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ti sọnù. Àwọn kan nínú wa tètè rí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìsìn ní ohùn ilé, a sì ṣe wọ́n sínú àwo orin ní London ní 1922. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó di atẹdùùrù Kàtídírà ti Krístì ní Èkó ní 1914, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní 1961, ariwo sọ nínú ìjọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun náà ni ó gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, tí àwọn òyìnbó jókòó tí wọ́n ń wò ó.

Àwọn kan a máa sọ pé orin wa kò ní ju ohùn kan lọ, pé kò sí ohun tí akọrin lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Kí wọ́n lọ sí Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà tàbí Oǹdó, kí wọ́n tẹ́tí sí àwọn obìnrin níbi tí wọ́n gbé ń kọrin. Wọn yóò gbọ́ ohùn kejì lábẹ́ èkíní, láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn ní do-re-mi. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, tí ohùn wọn sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan, ẹ ó rí bí lílé àti ègbè ṣe ń gba ara wọn mú. Ṣùgbọ́n do-re-mi nìkan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń yan akọrin. Ọmọ Àyàn, tí ó ti ń gbọ́ ohùn ìlù láti inú oyún, ni wọ́n ń ní kí ó lọ jókòó!

Ẹnìkan yóò bi wá léèrè pé, ṣé kí á kó orin Handel dànù ni? Rárá. Fẹlá Ṣówándé mọ orin òyìnbó dunjú, ìmọ̀ náà kò sì mú un tijú orin ilé rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní orin òrìṣà ni. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Orin iṣẹ́ wà, orin àlọ́ wà. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ìsìn, kí á béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bí wọ́n bá kọ̀, kí á fi í sílẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí á yọ orúkọ òrìṣà kúrò ní kọ̀rọ̀, kí á sì pe ìyókù ní tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹkún ìyàwó, tí ọmọbìnrin fi ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, kò yẹ ní orin àtẹ́wọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè. Èkíní, kí orin wa wà láàárín ètò, kí á sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ orin yòókù. Èkejì, kí ìwé ètò sọ ìlú tí orin ti wá, àwọn tí ó ni ín àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹ̀kẹta, kí á pe onílù àti ìyá àgbà tí ó mọ orin wá sí ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí á sì sanwó fún wọn. Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe lé ọmọ kankan kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ó jẹ́ Mùsùlùmí, Kristẹni tàbí ọmọ onísẹ̀ṣe tí kò lè kọ orin ìsìn ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má jókòó sílé nígbà ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ mú ìwé ètò náà dání, ẹ fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ "Orin ìbílẹ̀" sí, kí ẹ sì béèrè pé: ìbílẹ̀ ibo? A gba òmìnira ní 1960. Ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń fi orin ìyá rẹ̀ ṣe ẹ̀rín kò tíì gba tirẹ̀ tán.