Ọjọ́ A Bá Kú Là Ń Dère

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe yìí nílé òkú, àfi kó rọra pa á, torí ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Bàbá tí wọ́n ń pè láhun lánàá, tí wọ́n ní agídí rẹ̀ pọ̀, bó bá ti dákẹ́ báyìí, ó di ọ̀làwọ́, ó di onísùúrù, ó di baba àwọn aláìníbaba.

Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, bí ẹni ńlá bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère tó ga tó èèyàn, tó sì jọ olóògbé. Wọ́n á wọ aṣọ iyebíye fún un, wọ́n á sì gbé e káàkiri ìlú. Àkó ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ọnà gidi ni, ẹ̀yẹ ńlá sì ni. Àmọ́ bó ti wù kí ère jọ èèyàn tó, kì í bínú, kì í jiyàn, kì í béèrè ẹni tó ká kòkó òun. Ìdí rèé tó fi rọrùn fún gbogbo ayé láti fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí bàbá tó bí bàbá wa papò dà ní Ìdànrè, a ṣe bí ayé ti ń ṣe é. A kun ilé, a pààrọ̀ páànù, a dá ankara, a gbé fọ́tò rẹ̀ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ètò ìsìnkú sọ pé Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wo ara wọn lójú.

Orí òkè ni wọ́n ti bí i, kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí; sísọ̀kalẹ̀ yẹn la fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì dájú pé ó lé dáadáa ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kòkó ló fi jẹun. Ó ti ń tà á kí ìjọba tó dá Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, ó sì ń tà á lọ lẹ́yìn tí wọ́n tú Bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Láàárín méjèèjì, kò sí ẹni tó bá a wọn kòkó tí kò bá fa wàhálà. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un pọ̀, á dẹ etí sí i. Bí kò bá dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó di dandan ká tún un sá. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, tọkùnrin tobìnrin ló kó lọ sílé-ìwé nínú àwọn ọmọ rẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá bá a fọ́ kòkó ní Sátidé, ebi ni yóò fi sùn.

Lálẹ́ àìsùn, ìyá arúgbó kan gba máìkì. Ó ní: “Èmi àti ọkùnrin yìí ṣẹjọ́ ààlà oko títí, ó sú adájọ́. Mo jàre. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n lé ọmọ mi nílé-ìwé girama nítorí owó. Òun ló lọ san án. Mo lọ dúpẹ́, n kò tíì kúnlẹ̀ tán tó fi ní, ‘Ìwọ ni mo bá ṣẹjọ́, n kò bá ọmọ rẹ ṣe é. Má sì tẹ oko mi o.’” Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá gan-an nìyẹn.

Bí a bá yọ ẹjọ́ kúrò nínú ìtàn yìí, kí ló kù? Ẹnì kan san owó ilé-ìwé ọmọ aládùúgbò. Ó dáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà yẹn ló jẹ́ ká mọ bí oore náà ti wúwo tó.

Nígbà tí òwe ní èèyàn kò sunwọ̀n láàyè, ojú tí a fi ń woni ló ń bá wí. Ojú tí kò rí rere ààyè náà ni kò fẹ́ rí àléébù òkú. Ẹni tó ń bú arúgbó lójú ayé rẹ̀ àti ẹni tó ń fi irọ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́yìn ikú, kò sí èyí tó fara balẹ̀ wò ó nínú wọn.

Nítorí náà, ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣì wà, kó lọ jókòó tì í. Kó bi í léèrè ẹni tó bá jà, ẹni tó jẹ ní gbèsè, ohun tó kábàámọ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa yìí ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pààrọ̀ páànù fún un nísinsìnyí tó ṣì lè sọ pé gbàrọgùdù lẹ rà. Bó bá sì dọjọ́ ìsìnkú, ẹ fún àwọn tó bá a jà ní máìkì. Ìyìn tó bá tẹnu wọn jáde ni ìlú yóò gbà gbọ́.